Fourah Bay, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga tí Ìjọ Dá Sílẹ̀ ní Sàró

Bí ìwọ bá wọ ọkọ̀ ní Onígbòǹgbò, tí o gba Ìkẹjà kọjá sí Agége, tí o sì bá ọ̀nà lọ títí dé Ìpájà, fi ara balẹ̀ ka àwọn pátákó tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ìwọ yóò rí i pé, lẹ́yìn ti àwọn ilé-iṣẹ́ àti ti àwọn oníṣòwò, pátákó ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ lọ súà. Nígbà mìíràn ẹyọ pátákó kan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ méjèèjì: ìjọ ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé ti gbogbo ayé ni, pé a ń gba oyè gíga níbẹ̀, pé níbẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà. Àwọn kan nínú wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìpájà ni West Africa Theological Seminary wà, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1989, tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi ìjọ sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí pátákó wọn ga ju òrùlé ilé wọn lọ.

N kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kóró kékeré ni a ń gbìn kí ó tó di ìrókò. Ohun tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ léèrè ni èyí: kí ni ó ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ di ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní tòótọ́? Ṣé orúkọ ni, tàbí owó, tàbí àwọn tí ó dá a sílẹ̀, tàbí àwọn tí ó jáde níbẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn baba ńlá wa ti bá a wọ̀yá ìjà ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, orí ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n sì ti jà á, èyí tí í ṣe Fourah Bay College, ní ìlú Freetown, ní ilẹ̀ Sàró.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, 'Kí ni ó kan ọmọ Onígbòǹgbò nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Sàró?' Ó kàn ọ́ gidigidi. Orúkọ tí ó ṣáájú nínú ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, orúkọ ọmọ Yorùbá ni. Ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Kódà oko kòkó tí ó sọ Agége di ìlú olókìkí ní àtijọ́ ní okùn kan tí ó so ó mọ́ Fourah Bay, bí ìwọ yóò ti rí i níwájú.

Ìwọ ti kà nínú ìwé ìtàn pé ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn má ṣe kó ẹrú mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ àwọn ọkọ̀ ẹrú lórí òkun. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, Freetown ni wọ́n ń wà á lọ, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní àkókò kan náà, ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Ọ̀yọ́ ń wó, Òwu ti tú, ìlú ń kó ìlú lẹ́rú, a sì ń ta àwọn ọmọ wa ní etí òkun. Báyìí ni àwọn Yorùbá ṣe pọ̀ lọ súà ní Sàró. Àwọn ará ibẹ̀ sọ wọ́n ní Akú, nítorí pé 'ẹ kú' èyí àti 'ẹ kú' ọ̀hún ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Ní 1821 ni ogun kó o, ní 1822 sì ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí tí ó rà á. Ó dé Sàró ní ọmọdé tí kò mọ ìwé, kò sì pẹ́ tí ó fi mọ̀ ọ́n. Ní 1825 a sàmì fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther.

Ẹgbẹ́ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí CMS ni ó ń ṣe ìtọ́jú púpọ̀ nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ yìí. Ìṣòro ńlá kan dojú kọ wọ́n: àwọn òyìnbó tí wọ́n ń rán wá ń kú. Ibà ń pa wọ́n bí ẹní pa adìẹ, ẹlòmíràn kì í sì lo ọdún kan kí a tó sin ín. Ó wá yé wọn pé bí iṣẹ́ náà yóò bá dúró, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ni yóò ṣe é. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí òkè Leicester, wọ́n tún gbé e lọ sí abúlé Regent, ṣùgbọ́n kò rí bí wọ́n ti fẹ́. Ní 1827 ni wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ní Fourah Bay, nínú ilé tí gómìnà kan tí ń jẹ́ Charles Turner fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Charles Haensel, ni olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, orúkọ Àjàyí Crowther ni ó sì ṣáájú nínú ìwé.

Mẹ́fà péré! Jọ̀wọ́ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí àwa ènìyàn òde òní a máa fi iye orí díwọ̀n ohun gbogbo.

Ohun tí CMS ń fẹ́ kò ju kí wọ́n rí àwọn tí yóò máa ka Bíbélì fún ìjọ, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní abúlé. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ènìyàn láti ka ìwé kan ti kọ́ ọ láti ka gbogbo ìwé, kò sì sí bí yóò ti mọ ibi tí onítọ̀hún yóò ka á dé. Crowther tí a fẹ́ kí ó di olùkọ́ abúlé padà wá di olùkọ́ ní Fourah Bay fúnra rẹ̀. Ní 1841 ó bá àwọn tí ó lọ wo odò Ọya lọ, ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ sì jáde ní ọdún náà gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó padà sí Freetown, ó sì ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn Akú tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ẹlẹ́dẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ìwọ ro bí ọkàn àwọn àgbà náà yóò ti rí. Ní 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù, ẹni àkọ́kọ́ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìjọ Áńgílíkà.

Nígbà tí Crowther ń lọ, tí ó ń bọ̀, ọkùnrin kan tí ìtàn rẹ̀ yẹ kí a mọ̀ jù báyìí lọ ni ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Edward Jones ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ìlú Charleston ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń kó ọmọ ènìyàn lẹ́rú ní ojú ọ̀sán gangan. Ó gba oyè ní Amherst College ní 1826, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìgbà náà, ó sì ré òkun kọjá wá sí Sàró. Láti nǹkan bí 1841 ni ó ti ń ṣe olórí Fourah Bay, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ipò náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe é. Nígbà tirẹ̀ ni a kọ́ ilé tuntun. Ní 1845, gómìnà Sàró tí ń jẹ́ William Fergusson ni ó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, òun náà sì ní ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú lára. Òkúta pupa ilẹ̀ Sàró ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Ní ti òrùlé, a sọ fún wa pé òpó ìgbòkun àwọn ọkọ̀ ẹrú tí a gbà lórí òkun ni wọ́n fi ṣe igi àjà rẹ̀. Igi tí ó gbé àwọn baba wọn lọ sí oko ẹrú ni àwọn ọmọ wá jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti kàwé.

Nínú ilé yìí ni Koelle, ọmọ ilẹ̀ Jámánì mìíràn, ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó yà mí lẹ́nu títí di òní. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Hébérù, ó sì ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jáde sí ìgboro Freetown, òun ni ó ń di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń pe àwọn tí a tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n pé, 'Kí ni ẹ ń pe orí ní èdè yín? Kí ni ẹ ń pe omi? Kí ni ẹ ń pe iná?' Ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 1854, Polyglotta Africana, ní ọ̀rọ̀ láti inú èdè tí ó ju 100 lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Tiwa wà níbẹ̀ ní oríṣiríṣi ẹ̀ka rẹ̀: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà. Ọ̀tà náà wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe ìlú Àwórì bí Onígbòǹgbò ti jẹ́ ilẹ̀ Àwórì. Nítorí náà bí ọmọ Àwórì kan bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ọ̀tà ti ń sọ̀rọ̀ kí òyìnbó tó jọba ní Èkó, inú ìwé olùkọ́ Fourah Bay ni yóò ti rí i. Kò sí pátákó kankan lẹ́nu ọ̀nà Koelle tí ó sọ pé ti gbogbo ayé ni ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Má ṣe rò pé gbogbo nǹkan ń lọ geere. Lẹ́yìn ìgbà Jones, iṣẹ́ náà rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ìbéèrè tí mo bi ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti dé ẹnu àwọn ènìyàn.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba ni James Africanus Horton. Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀, Sàró ni a bí i sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ òyìnbó, ó di dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1868, ó ní kí a sọ Fourah Bay di yunifásítì fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí a máa kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbogbo níbẹ̀, kì í ṣe ti àlùfáà nìkan. Ní 1872 àti 1873, àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà ga: Edward Blyden tí ó ti erékùṣù St. Thomas wá, William Grant tí ó jẹ́ oníṣòwò ní Freetown, àti àlùfáà James Johnson, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí òun náà sì jẹ́ ọmọ Fourah Bay. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gómìnà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí a bá ń rán àwọn ọmọ wa lọ sí ilẹ̀ òyìnbó fún ẹ̀kọ́ gíga, wọn yóò padà wá bí àjèjì sí ilé baba wọn. Kí a mú ẹ̀kọ́ gíga wá bá wọn ní ilé, kí aláwọ̀ dúdú sì wà lára àwọn tí yóò máa kọ́ wọn.

Fi ara rẹ sí ipò àwọn àgbà CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ni wọ́n ń san owó. Ẹ̀bùn àwọn ọmọ ìjọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n sì kó o jọ fún ìwàásù ìhìnrere ni. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n fi kọ́ lọ́yà àti dókítà? Èyí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ rò pé ìwé púpọ̀ yóò gun orí aláwọ̀ dúdú, ìyẹn sì jẹ́ ìgbéraga lásán; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rò bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà. Ní 1876 a so Fourah Bay pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè san owó, yálà yóò di àlùfáà tàbí kò ní í dì í.

Wo bí ètò náà ti rí. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ Durham ń kọ́ ni àwọn ti Freetown ń kọ́. Ìdánwò tí àwọn ti ọ̀hún ń ṣe ni àwọn ti ìhín ń ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìbéèrè wá, òun ni ó sì ń gbé ìdáhùn padà. Ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò kò rí ojú ọmọ tí ó kọ ọ́, kò sì lè wí pé òun dín máàkì rẹ̀ kù nítorí àwọ̀ rẹ̀, tàbí pé òun fi kún un nítorí àánú. Àwọn kan ní ilẹ̀ òyìnbó fi Durham ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ètò yìí. Durham kò dá wọn lóhùn. Èmi tí mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìdánwò mọ̀ pé ohun tí ó le jù lọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó gbà kí àjèjì fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọn àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rọrùn láti fún ọmọ ní oyè nínú ilé ara ẹni.

Àwọn ọmọ wá láti Èkó àti Abẹ́òkúta, láti Gáńbíà, láti Gold Coast tí ó di Gánà. J. E. Casely Hayford, ẹni tí ó di agbẹjọ́rò àti aṣáájú ńlá ní Gold Coast, wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ti Èkó ni Henry Carr. Ní 1882, nígbà tí kò tíì pé 20 ọdún, ó gba oyè tí ó ga nínú ìṣírò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, irú èyí tí ọmọ Fourah Bay kankan kò tíì gbà ṣáájú rẹ̀. Ó padà sí Èkó, ó di aláṣẹ lórí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì di olùdarí ìlú náà lábẹ́ ìjọba. Isaac Olúwọlé, ọmọ Abẹ́òkúta, gba oyè tirẹ̀, ó di ọ̀gá CMS Grammar School ní Èkó, ní 1893 ó sì di bíṣọ́ọ̀bù.

CMS Grammar School yìí fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọmọ Fourah Bay ni. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther àti baba Herbert Macaulay, ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1859. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó fi bẹ̀rẹ̀? Mẹ́fà.

Mo ti wí fún ọ pé okùn kan so Agége mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àlùfáà James Johnson tí ó bá wọn kọ lẹ́tà sí gómìnà Sàró wá sí Èkó ní 1874, ó sì di àlùfáà ìjọ St. Paul, Breadfruit. Ènìyàn líle ni, mímọ́ ni wọ́n ń fi pè é mọ́ orúkọ rẹ̀, kì í sì í dákẹ́ bí ó bá rí ìrẹ́jẹ. Ó ń kọ́ ìjọ rẹ̀ pé ó yẹ kí àwọn ọmọ Áfíríkà máa ṣe àkóso ìjọ Áfíríkà, kí wọ́n sì máa fi owó ara wọn gbé e ró. Ní 1900 a fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí ó jẹ́ òyìnbó mú un kúrò ní Breadfruit láìka ohun tí ìjọ ń fẹ́ sí. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ. Ní 1901 ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, wọ́n jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí ó wá di African Church. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, àgbẹ̀ oníkòkó tí oko rẹ̀ wà ní Ifákò lẹ́bàá Agége. Láti inú oko náà ni irúgbìn kòkó àti ìjọ tuntun ti jọ ń bá àwọn alágbàṣe lọ sí ìlú wọn ní òkè.

Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Ó dúró nínú ìjọ tí ó ti ń bá wí láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1917. Coker ka ìyẹn sí ìjákulẹ̀. Àwọn mìíràn kà á sí òtítọ́ inú. Mo ti rò ó títí, ní tèmi, mo rò pé ẹ̀tọ́ ni Coker ṣe láti lọ, ẹ̀tọ́ sì ni Johnson ṣe láti dúró. Ìwọ lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ òyìnbó dá sílẹ̀ kí ó lè rí òjíṣẹ́ ni ó kọ́ ọkùnrin tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn kúrò lábẹ́ ìjọ òyìnbó.

Bóyá èyí wà lára ohun tí ó mú kí ọwọ́ àwọn àgbà Lọ́ńdọ̀nù máa dẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní wọ́n ti ń ronú àtifi Fourah Bay sílẹ̀. Owó kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Àwọn ọmọ tí ó ti jáde níbẹ̀ ni kò gbà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì dúró. Ní 1918 ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá ti èjìká wọn sábẹ́ ẹrù náà pẹ̀lú CMS, ìjọ méjì tí wọ́n ti ń du ọmọ ìjọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Nínú àwọn ọdún líle yìí ni ọmọ Abẹ́òkúta kan gba oyè B.A. níbẹ̀, ní 1913. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ni. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ tí ó kọ́ sì ń sọ̀rọ̀ ẹgba rẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ títí wọ́n fi di arúgbó. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, N.U.T., sílẹ̀ ní 1931, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ abúlé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí kékeré mọ ohun tí ẹgbẹ́ yìí jẹ́ fún wa. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn títí ayé. Ní 1938 Lati Hyde-Forster di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Fourah Bay, lẹ́yìn 111 ọdún tí a ti dá a sílẹ̀. Ó pẹ́ jù, kò sí àwáwí fún un.

Ewu tí ó kẹ́yìn ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá. Ní 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Walter Elliot láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu wọn kò kò. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní kí yunifásítì mẹ́ta wà, kí Fourah Bay jẹ́ ọ̀kan. Àwọn díẹ̀ ní kí ó jẹ́ ẹyọ kan, ní Ìbàdàn, kí Fourah Bay padà sí iṣẹ́ kékeré. Ìmọ̀ràn àwọn díẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ní 1948 ni University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Freetown kò lè bá wa yọ̀, nítorí oyè ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni ó fẹ́ bọ́. Wọ́n jà fún un bí àwọn baba wọn ti jà, wọ́n sì borí. Ohun kan tí àwọn ọmọ Ìbàdàn kì í sábà mọ̀ ni pé nígbà tí Henry Carr kú ní 1945, ó fi ilé ìkàwé kan sílẹ̀ tí ìwé inú rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà á, ó sì di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay ni ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn kọ́kọ́ kà jọ.

Díẹ̀díẹ̀ ìjọba gba ẹrù náà lọ́wọ́ ìjọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ilé àtijọ́ lọ sí Mabang, nítorí àwọn ológun ń fẹ́ ilé náà. Lẹ́yìn ogun, orí òkè Aureol ni wọ́n kó lọ, níbi tí ó wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí apá kan Yunifásítì Sàró. Ní 1967 ni okùn tí ó so ó mọ́ Durham já.

Ilé tí Edward Jones kọ́ ṣì wà ní etí omi ní Cline Town. Wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì rélùwéè, wọ́n tún fi ṣe ilé ẹjọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé Sàró, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn wọ inú rẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀. Ní 1999 iná jó o. Òrùlé náà jó tán pẹ̀lú igi àjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri òkúta pupa náà kò wó.